Ta Ni Ọmọ Ilé? Àríyànjiyàn lórí Gbígba Mòrókò sí Ẹgbẹ́ ECOWAS ní Ọdún 2017

Ní ìparí ọdún 2017, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kíláàsì àgbà ní àròkọ alárìíyànjiyàn kan láti kọ: "Ó yẹ kí a gba orílẹ̀-èdè Mòrókò sí ẹgbẹ́ ECOWAS." Ọ̀rọ̀ náà ń jà ràìn nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò nígbà náà, a sì rò pé yóò rọrùn fún àwọn ọmọ láti rí nǹkan sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Àwọn kan kọ ọ́ pé Lárúbáwá ni ará Mòrókò, wọn kì í ṣe ara wa. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tí ilé wọn wà ní Ọjà Igbó kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ Mòrókò rárá. Bàbá rẹ̀ àgbà ni ó kọ nípa rẹ̀, bí wọ́n ṣe lé e kúrò ní Tàmálè ní ọdún 1969, tí ó fi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. A kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé ó ṣìnà kúrò lórí kókó ọ̀rọ̀, a sì fún un ní máàkì mẹ́jọ nínú ogún.

Ohun tí a ní lọ́kàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tún àríyànjiyàn ọdún náà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìtàn, nítorí ó ti ń hàn sí wa pé àwa tí a ń máàkì ni a ṣìnà.

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975 ni àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó láti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Ètò Ọrọ̀-Ajé Àwọn Orílẹ̀-Èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Ọ̀gágun Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ni wọ́n ṣíwájú iṣẹ́ náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹni tí ó sáré jù láàárín àwọn tí ó ń tẹ̀ lé wọn, èyí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé. Ọdún 1977 ni Cape Verde, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹrìndínlógún. Kò sí ariwo kankan lórí ìyẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1999 ni Mòrìtáníà kéde pé òun ń jáde, ó sì jáde tán ní ọdún 2000. Ìyẹn pẹ̀lú kò fa ariwo púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nínú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́. A ó rí i níwájú pé Nàìjíríà mọ bí a ti ń pariwo lórí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ju bí ó ti mọ bí a ti ń wo ẹni tí ó ń dìde kúrò lórí ẹní lọ.

Kí ni ẹgbẹ́ yìí jẹ́ fún àwa ará agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́? Kí ẹnikẹ́ni tó lérò pé òwò ni a dá a sílẹ̀ fún nìkan, ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn ènìyàn wa ti ń rìn kí ìwé àdéhùn tó dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí àti Ọ̀fà ti ń kó aṣọ àti wọ́rọ́bọ lọ sí ilẹ̀ Gáná, tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Wọ́n wà ní Kùmásí, wọ́n sì pọ̀ ní Tàmálè àti àwọn ọjà kéékèèké tí ó wà ní ìhà àríwá. Àwọn kan lọ sí Upper Volta, tí ó di Bùrùkínà Fásò, àwọn kan sì gba ọ̀nà Nìjẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Gáná ni ó jẹ́ pé àwọn oníṣòwò Yorùbá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni owó Gáná kọ́ ní ìlú wa, kò sì sí ẹni tí ó dàgbà níbí tí kò mọ ìdílé kan tí à ń pè ní "ará Gáná".

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Gáná sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹni tí ó ti lo ogójì ọdún níbẹ̀, tí ó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, báwo ni yóò ṣe gba gbèsè tí ó wà níta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó padà sílé. Àwọn ìjọ tí a dárúkọ lókè yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn di òfìfo. Àwọn tí wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ bá ilé, ṣùgbọ́n wọn kò bá iṣẹ́. Àwọn ọmọ wọn kan tilẹ̀ ń sọ èdè Dàgbáńbà tàbí Twi ju Yorùbá lọ. Èyí yẹ kí ó dun olùkọ́ èdè.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé àdéhùn tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ ECOWAS ni èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dákà ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, tí ó fún ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú rẹ̀, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Kì í ṣe pé àdéhùn náà di odi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gáná ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Lónìí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń gbé báàgì onílà tí wọ́n ń pè ní "Gáná-mọ́sì-gò" láìmọ̀ pé ẹkún àwọn ènìyàn ni ó bí orúkọ náà. Wọ́n lé wa, àwa náà lé wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí a gbà wọlé ní láti mọ èyí ná.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo Mòrókò fúnra rẹ̀. Orílẹ̀-èdè yìí kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní ọdún 1984 nítorí pé àjọ náà gba ìjọba àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà, ilẹ̀ tí Mòrókò ní tòun ni. Ní ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà dá ìjọba náà mọ̀. Muhammadu Buhari ni olórí ìjọba ológun wa nígbà náà. Òun náà ni ó tún wà lórí àlééfà ní 2017. Láàárín méjèèjì, ní ọdún 1987, Mòrókò bèèrè láti wọ ẹgbẹ́ àwọn ará Yúróòpù, wọ́n sì dá a lóhùn pé kì í ṣe ilẹ̀ Yúróòpù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ó padà sínú àjọ Áfíríkà, ó sì di oṣù kejì kí ó tó kọ̀wé sí ECOWAS. Ní ìpàdé Monrovia ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ní àwọn fara mọ́ ọn ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ohun tí yóò ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ìgbà yìí ni ilé gbiná ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ìpèsè-ọjà, MAN, ní àwọn kò gbà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, NLC, ní àwọn kò gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, tí ó ti ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè rí, wà lára àwọn tí ó lòdì sí i. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ pé kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìhà kan náà. Ohun tí àwọn oníléeṣẹ́ ń bẹ̀rù yé wa yékéyéké: Mòrókò ní àdéhùn òwò pẹ̀lú Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Bí ọjà bá ti ibẹ̀ gba Mòrókò, tí wọ́n yí àmì rẹ̀ padà díẹ̀, yóò wọ Èkó láìsan owó ibodè. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà kún un. Àwọn mìíràn gbé máàpù jáde: ìhà àríwá ni àjọ Áfíríkà pín Mòrókò sí, ó sì ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú Àlùjíríà, Líbíyà, Tùnísíà àti Mòrìtáníà láti ọdún 1989.

Àwọn tí ó fẹ́ kí ó wọlé kò pariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ akúrẹtẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016 ni Ọba Mohammed kẹfà ti wá sí Àbújá, tí wọ́n sì ṣe àdéhùn lórí ọ̀pá gáàsì àti ajílẹ̀. Àwọn báǹkì Mòrókò ti wà káàkiri Sẹ̀nẹ̀gà àti Ivory Coast. Ní ti pé àjèjì ni wọ́n, a kò gbà. Àwọn ẹlẹ́sìn Tìjánì láàárín wa mọ Fẹ́ẹ̀sì dunjú, nítorí ibẹ̀ ni a sin ẹni tí ó dá ọ̀nà wọn sílẹ̀ sí. Awọ pupa tí àwọn Òyìnbó ń fi orúkọ Mòrókò pè, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Haúsá, tí ràkúnmí gbé la aṣálẹ̀ kọjá. Ojú ọ̀nà àríwá yìí kan náà ni ẹṣin ń gbà dé Ọ̀yọ́ Ilé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún ka ohun tí wọ́n kọ nígbà náà, ohun kan yà wá lẹ́nu. Ọjà ni gbogbo wọn ń sọ, àti agbára: ta ni yóò jẹ́ olórí bí ẹlòmíràn tí ó lówó bá wọlé, nígbà tí ó jẹ́ pé Nàìjíríà nìkan tó ìdajì gbogbo ènìyàn inú ẹgbẹ́ náà. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá wọ ECOWAS ń gba àádọ́rùn-ún ọjọ́ náà mọ́ra, kì í ṣe ọjà nìkan. Mòrókò ń gba físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ǹjẹ́ yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ Ọjà Igbó kí ó lọ ta aṣọ ní Casablanca, nígbà tí Yúróòpù wà ní òdìkejì omi tí ń ṣọ́ ẹnubodè náà? Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í nìyí. Ọmọbìnrin wa tí ó gba mẹ́jọ ni ó bi í, bí kò tilẹ̀ mọ bí òun yóò ṣe so ó mọ́ orí-ọ̀rọ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, wọ́n gbé ọ̀ràn náà lé àwọn olórí orílẹ̀-èdè márùn-ún lọ́wọ́, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni ó sùn sí. Mòrókò kò wọlé.

Bí a ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀yìnkùlé ń jò. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba tí ó wáyé ní Nìjẹ́ ní oṣù keje ọdún 2023, ECOWAS ti ibodè, Nàìjíríà sì já iná mànàmáná tí ó ń fún wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Màlì, Bùrùkínà Fásò àti Nìjẹ́ kéde pé àwọn ń jáde. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni ó di òótọ́. Méjìlá ni ó ṣẹ́kù. Láàárín àkókò yìí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọba Mòrókò ti nawọ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní etíkun wọ̀nyí pé òun yóò la ọ̀nà fún wọn dé òkun. Àwọn tí a kò jẹ́ kí ó wọlé wá bá wọn, àwọn náà ni wọ́n jáde lọ bá a.

Ìhà méjèèjì ti sọ pé àwọn kò tíì ní kí ẹnikẹ́ni gba físà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn mẹ́ta tí ó jáde bu ìdajì náírà lórí ọgọ́rùn-ún lé ọjà tí ó bá ń wọ ilẹ̀ wọn láti òde. Ó kéré lójú ẹni tí kò ná ọjà. A bi ìyá kan léèrè ní Ọjà Igbó, ẹni tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ta wọ́rọ́bọ ní Wagadúgù, pé kí ni àbúrò rẹ̀ wí sí i. Ó ní, "Tíṣà, owó yẹn kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní òun ti ń to ìwé gbèsè òun jọ."