Ọ̀gá Oníṣòwò Lórí Àga Ìjọba: Ẹ̀rí Ọdún 1993

Ọmọ Ọwá Obòkun tó di òṣómàáló láyé àtijọ́ kò ní báńkì, kò ní ọlọ́pàá, kò sì mọ ilé ẹjọ́ nílùú tó bá ru aṣọ dé. Aṣọ ni yóò tà láwìn, yóò dá ọjọ́ owó, bí ọjọ́ náà bá sì pé, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní jókòó, kò ní kúrò níbẹ̀, àfi bí owó bá jáde. Kì í ṣe ariwo ẹnu rẹ̀ ló fún un lágbára lórí onílé, bí kò ṣe pé onílé mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìró tó wà nídìí ìyàwó òun, ọkùnrin tó lóṣòó síta yìí ló ni ín. Mo fi èyí ṣáájú nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, láti Iléṣà títí dé Òṣogbo Òròkí, nígbàkúùgbà tí ìjọba bá sú wọn: pé kí àwọn olóṣèlú dìde nílẹ̀, kí á wá oníṣòwò kan tó mọ owó í ná, tó mọ ènìyàn í kó jọ, tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan, kí á gbé ìlú lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n a ti dán an wò lórílẹ̀-èdè yìí rí.

Olóyè Ernest Shónẹ́kàn, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbi, ni a bí ní Èkó ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1936. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di agbẹjọ́rò ní 1962, ó sì wọ ilé-iṣẹ́ UAC ní 1964. UAC kì í ṣe àjèjì sí àwa ará ìhín, nítorí láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo ìlú aró ní 1907 ni àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó ti ń dó sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Nígbà tí yóò fi di 1980, Shónẹ́kàn ti di alága àti olùdarí àgbà ilé-iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà. Bí ó bá pàṣẹ ní Èkó, ọjà yóò gbéra láti ibùdó kan dé òmíràn, nítorí pé òfin ilé-iṣẹ́, ìgbìmọ̀ olùdarí àti àwọn tó fi owó wọn ra ìpín ló dúró lẹ́yìn àṣẹ náà. Èyí gan-an ni àwọn tó ń yin ọgbọ́n oníṣòwò kì í rí: wọ́n rí ọwọ́ tó ń kọ̀wé, wọn kò rí àwọn tó fi gègé sí i lọ́wọ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993, Ọ̀gágun Babangida fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìfidíhẹ, wọ́n sì ń pè é ní olórí ìjọba, bẹ́ẹ̀ sì ni Ààrẹ ológun wà lórí ìtẹ́, tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà dé, a dìbò. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tú jáde fún Olóyè M.K.O. Abíọ́lá. Ọjọ́ 23 oṣù kan náà ni wọ́n fagi lé ìbò ọ̀hún. Nígbà tí Babangida sì kúrò ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, tó ku ọ̀la kí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pé ọmọ ọdún méjì, Shónẹ́kàn ni ó gbé ìjọba fún. Ọmọ Ẹ̀gbá méjì, oníṣòwò méjì: ọ̀kan ní ìbò kò ní àga, èkejì ní àga kò ní ìbò. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lẹ́sẹ̀, a ṣò ó.

Ẹ̀sùn olè kọ́ ni ìtàn fi kan Shónẹ́kàn, n kò sì ní fi kàn án. Ó ṣètò ìbò tuntun fún ọdún 1994, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun wa padà wálé láti Làìbéríà. Àwọn agbèjà rẹ̀ ní ó gbà á kí ilẹ̀ má baà gbaná, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ní òpópónà Èkó ní oṣù keje; àwíjàre tí ó tó gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Ní oṣù kọkànlá, ìjọba rẹ̀ gbé owó epo bẹntiróòlù láti 70 kọ́bọ̀ sí náírà 5. Bóyá ìṣirò náà tọ̀nà lójú oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò rán níṣẹ́ ló ń bèèrè owó, àwọn òṣìṣẹ́ sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsanyà ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá a nínú ẹjọ́ tí Abíọ́lá pè pé ìjọba náà kò bófin mu, nítorí àṣẹ ti bọ́ lọ́wọ́ Babangida kí ó tó fọwọ́ sí òfin tó gbé e kalẹ̀.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: Ọ̀gágun Sani Abacha ti wà nínú ìjọba Shónẹ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ló ń ṣàkóso ètò ààbò. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, ó ní kí Shónẹ́kàn lọ, ó sì lọ. Kò sí ẹgbẹ́ tí yóò pe ìpàdé nítorí rẹ̀, kò sí wọ́ọ̀dù tí yóò ní ẹni tí àwọn yàn ni. Àìsínínú-ẹgbẹ́ tí wọ́n fi yìn ín ní oṣù kìn-ín-ní ni kò jẹ́ kí ó ní ẹ̀yìn ní oṣù kọkànlá. Nígbà tí Abacha sì tú àwọn ilé aṣòfin ká tán, Isiaka Adélékè, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ tí Ọ̀ṣun yàn, bá ìṣubú náà lọ, òun tí àwa fi ọwọ́ ara wa dìbò fún ní tirẹ̀.

Ẹnìkan lè tọ́ka sí ilẹ̀ Benin, níbi tí Patrice Talon, oníṣòwò òwú, ti gorí àléfà ní 2016 láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Bí ó ṣe lo àṣẹ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn, kò sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n inú àpótí ìbò ló ti gba àṣẹ.

Abacha tún pe Shónẹ́kàn ní 1996 pé kó wá ṣe olórí ìgbìmọ̀ Vision 2010, ó sì jẹ́ ẹ. Ìwé ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1997, Abacha kú ní oṣù kẹfà ọdún 1998, ètò náà sì bá a lọ. Ti Nigerian Economic Summit Group yàtọ̀, èyí tí Shónẹ́kàn dá sílẹ̀ ní 1994 láàrin àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì gbà á ní olórí láìsí ológun lẹ́yìn rẹ̀. Shónẹ́kàn papò dà ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Ẹgbẹ́ náà ṣì ń pe ìpàdé, àwọn mínísítà sì ń lọ síbẹ̀.