Asọ̀rọ̀mágbèsì Ilé Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí àgbà Ìbàdàn méjì tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún bá pàdé níbi ìnáwó, tí wọ́n jẹ iyán tán, tí wọ́n ń fi igi ta eyín, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn yóò fi kan àpótí kan tó máa ń wà lára ògiri nígbà èwe wọn. Àpótí náà kò tóbi. Aṣọ ló bo ojú rẹ̀ níbi tí ohùn ti ń jáde. Wáyà kan á ti orí òpó ìta wá, á gba ojú fèrèsé wọlé, á sì kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní. Bí o bá yí i síhìn-ín, ohùn á ròkè. Bí o bá yí i sọ́hùn-ún, ohùn á wálẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí o lè yí i sí. Ohun tí wọ́n bá gbé sí i láti ọ̀hún náà ni wàá gbọ́, bó dùn mọ́ ọ, bí kò dùn mọ́ ọ.

Rédífúṣọ̀n ni àwọn akọ̀wé ń pè é. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwa ń pè é. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orúkọ àwàdà ni mo kà á sí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìtàn ìlú wa wà nínú orúkọ náà, àti pé ìtàn ilé wa náà wà níbẹ̀.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ní Fọ́kọ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, iwájú ilé wa gan-an ni. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní àpótí yìí, torí pé owó oṣù-oṣù ni wọ́n ń san lé e lórí, bàbá mi sì máa ń ṣe kìtàkìtà kó tó rí i san. Màmá mi a ní, "Bàbá Àkànní, owó ẹran la fi ń gbọ́ rédíò yìí o." Bàbá mi a ní, "Ìwọ náà ṣáà ń gbọ́ ọ." Òótọ́ sì ni. Bí ìròyìn Yorùbá bá ti bẹ̀rẹ̀, màmá mi á dá ọwọ́ ata lílọ̀ dúró kí ariwo ọlọ má baà bò ó.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi á máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Káfíńtà ló máa ń kọ́kọ́ dé. Òun ló kan pákó tí àpótí náà jókòó lé mọ́ ògiri, nítorí náà ó máa ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni ohùn tó ń jáde níbẹ̀. Bàbá Alágbẹ̀dẹ á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni tísà kan tó gba yàrá lẹ́yìnkùlé wa á dé; òun ló ń túmọ̀ ohun tí wọ́n bá sọ lédè òyìnbó. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní tirẹ̀ kì í jókòó láàárín àwọn ọkùnrin, ṣùgbọ́n á gbé igbá ẹ̀kọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa, á ní ibẹ̀ ni ọjà ti ń tà. Irọ́ ni. Rédíò ló ń gbọ́.

Gángan á kọ́kọ́ dún kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọdé á wá máa fi ọ̀rọ̀ sí ìlù náà lẹ́nu. Ọ̀kan á ní Olúbàdàn ló ń kì. Èmi á ní ó ń sọ fún Ìyá Ẹlẹ́kọ pé kó wá gba gbèsè rẹ̀ lọ́wọ́ tísà. Tísà á ju ṣọ́ọ̀kì lù mí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á rẹ́rìn-ín.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé gbogbo wọn ló ń dá àpótí náà lóhùn. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ owó orí, Bàbá Alágbẹ̀dẹ á kígbe pé, "Ẹ̀yin ẹ wá san án!" Bí wọ́n bá kéde òkú, màmá mi á dáhùn láti inú ilé pé, "Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un," bí ẹni pé àwọn ọmọ olóògbé wà nínú àpótí. Bí orin Haruna Ìṣọ̀lá bá sì bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ mọ́. Àpótí náà kì í gbèsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó yí i ká ń fún ara wọn lésì títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá, tí àkàrà á tán, tí àwọn ìyàwó á fi ránṣẹ́ wá pé ẹ wá jẹun o.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù December 1935 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ètò rédíò oní-wáyà yìí ní Èkó. Ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fẹ́ kí a máa gbọ́. Ní 1939, ọdún tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, ó dé Ìbàdàn. Ní 1951 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà sílẹ̀, tí ó di NBC ní April 1957. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń gbà: láti òkè wá sísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 March 1953, Anthony Enahoro gbé àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọdún yẹn. Ọ̀rọ̀ di ariwo, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti ti NCNC sì jáde kúrò ní ilé ìgbìmọ̀. Gómìnà, Sir John Macpherson, bọ́ sórí rédíò, ó sì di ẹ̀bi ru Action Group. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn ò fún un.

Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi pé nígbà tí tísà túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Káfíńtà ló pàtẹ́wọ́, tó ní, "Kí ló wá yà yín lẹ́nu? Ṣebí àwa fúnra wa la sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì!"

Awólọ́wọ̀ kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Òfin ìjọba tí wọ́n ṣe ní 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti ní ilé iṣẹ́ rédíò tirẹ̀. Ní ọjọ́ 31 October 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Rédíò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tẹ̀ lé e. Inú wa dùn púpọ̀. A rò pé ó ti tán nìyẹn, pé àpótí wa yóò máa gbèsì wàyí.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Rédíò tí ọmọ wa dá sílẹ̀ nítorí pé wọn ò gba èsì rẹ̀, ìjọba ọmọ wa náà ló ń lò ó, ìjọba kò sì fẹ́ràn èsì. Ní 1962, Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá pín yà. Ní May ọdún náà, wọ́n ju àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Awólọ́wọ̀ wọ ẹ̀wọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù wa náà pín. Ti Awólọ́wọ̀ ni bàbá mi ń ṣe. Ti Akíntọ́lá ni Bàbá Káfíńtà ń ṣe. Wọ́n ṣì jọ ń jókòó o, ṣùgbọ́n àwàdà ti ń dínkù.

Ìdìbò October 1965 ló wá já okùn náà. Ní alẹ́ tí wọ́n ń ka èsì ìbò, Bàbá Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín, bàbá mi ní, "Irọ́ ni àpótí yìí ń pa." Bàbá Káfíńtà dìde. Ó ní, "Àpótí tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé kọ́ fún ọ lò ń pè ní òpùrọ́?" Bàbá mi ní, "Àpótí kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ ni kó wo ara rẹ̀ dáadáa." Bàbá Káfíńtà gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì lọ. Kò padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò padà wá lóṣù kejì.

Àkókò wẹ́tíẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti ènìyàn lára, tí wọ́n ń ṣáná sí i. A kì í ṣí ilẹ̀kùn mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò gbé igbá wá mọ́. Láàárín oṣù October yẹn kan náà, ẹnì kan tó mú ìbọn dání wọ ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó sì fi téèpù tirẹ̀ rọ́pò èyí tí Akíntọ́lá sọ̀rọ̀ sí. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá a sílẹ̀. Ní 1994 ó kọ ìtàn náà sínú ìwé rẹ̀, Ibadan: The Penkelemes Years. Àwa kò gbọ́ téèpù náà létí ara wa. Ìlú ló sọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Pákó tí àpótí wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìṣó ti ń yọ. Màmá mi ní kí a pe káfíńtà míràn, bàbá mi ní rárá. Ó wá àjákù aṣọ áńkárá, ó fi so pákó náà mọ́ òpó fèrèsé. Alaalẹ́ ló ń jókòó síwájú rẹ̀ ní òun nìkan. Àpótí ń sọ̀rọ̀, bàbá mi kò dá a lóhùn mọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tí asọ̀rọ̀mágbèsì túmọ̀ sí.

Ní January 1966, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Àwọn kan ń jó ní ìgboro. Bàbá mi kò jó. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Àkànní, ṣé o rí Bàbá Káfíńtà lónìí?" Mo ní n kò rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Bàbá Káfíńtà ló wọlé, òun pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde. Ó wo àjákù aṣọ tí bàbá mi fi so pákó, ó mi orí. Ó tú u, ó yọ ìṣó méjì láàárín ètè rẹ̀, ó kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ló jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, Bàbá Káfíńtà ní, "Ẹ yí i sókè díẹ̀, n ò gbọ́." Bàbá mi yí i sókè. Wọn ò mẹ́nu kan ìdìbò títí ikú fi mú wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n bá ara wọn jà lórí gbogbo nǹkan yòókù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni rédíò oní-bátìrì pọ̀ sígboro. Àgbẹ̀ gbé e lọ sóko, awakọ̀ gbé e sínú mọ́tò, kálukú ń dá tirẹ̀ gbọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wáyà parẹ́ lórí òpó. Ní 1992 ìjọba fọwọ́ sí i kí àwọn aládàáni dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, nígbà tó sì di 1994, Raypower bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Lónìí, èèyàn lè pe rédíò lórí fóònù kó sì sọ tẹnu rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì.

Èmi náà dán an wò lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ owó iná ni wọ́n ń sọ. Mo pe wọ́n títí, ó wá wọlé. Mo kí olóòtú, mo kí àwọn olùgbọ́, mo ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé..." Kíréédìtì mi bá tán.

Mo jókòó, mo ń wo pákó bàbá mi tó wà lára ògiri mi báyìí, tí mo fi ń gbé ìwé. Mo bá dìde, mo jáde lọ bá aládùúgbò mi tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo parí ọ̀rọ̀ mi fún un. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo fa àga sún mọ́ ọn.