Màlúù Ń Kọjá, Aṣòfin Náà Ń Kọjá: Ta Ló Ni Àga?



Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi. À ń kàwé nípa ẹran ọ̀sìn, a wá dé orí ọ̀rọ̀ Faransé kan, transhumance. Kò sí ọmọ Atokoligbé tí kò mọ ohun tó jẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn Filàní á da màlúù wọn gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, wọ́n ń wá koríko àti omi. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á darí sílé. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n sọ lórí rédíò pé aṣòfin kan ṣe transhumance. Ṣé òun náà ní màlúù ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Bí a bá wò ó dáadáa, orúkọ yẹn kò tọ́ sí wọn. Darandaran ní ọ̀nà tí a mọ̀ ọ́n sí, ó sì máa ń padà. Bí ẹran rẹ̀ bá jẹ oko olóko, a óò pè é síwájú àwọn àgbà, yóò sì san owó oko. Aṣòfin tó fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ta la ó pè é sí?

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń lò ló sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ẹni náà sọdá kápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kápẹ́ẹ̀tì àárín Ilé Aṣòfin, tí ìjọba jókòó sápá kan rẹ̀, tí alátakò jókòó sápá kejì. Ìbàdàn sì ni ọ̀rọ̀ náà ti gbajúmọ̀. Àwa tí a fi èdè Faransé kọ́ ìtàn, Maga, Apithy àti Ahomadégbé ni wọ́n kọ́ wa. Kò sí ẹni tó dárúkọ Adélabú fún wa. Fúnra mi ni mo wá a kà.

Ní 1951, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún Nàìjíríà ní òfin tuntun, wọ́n ní kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan yan ilé aṣòfin tirẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ NCNC ti Azikiwe wà níbẹ̀, Action Group ti Awólọ́wọ̀ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní gbangba ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù Igbe ọdún yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n ìlú Ìbàdàn ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Ibadan People's Party. Àga mẹ́fà ló tọ́ sí Ìbàdàn, ẹgbẹ́ ìlú yìí ló kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Adégòkè Adélabú wà nínú wọn, A. M. A. Akinloye náà sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí Ilé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1952, márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà náà wà lọ́dọ̀ Action Group. Adélabú nìkan ló dúró ti NCNC. Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Akinloye di mínísítà, Azikiwe sì jókòó sọ́dọ̀ àwọn alátakò. Kò pẹ́ kò jìnnà, Azikiwe padà sí Ìlà-Oòrùn, ó di olórí ìjọba níbẹ̀ ní 1954. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà bá délẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹnì kan á mú ọjọ́ yẹn jáde.

Àwọn ọmọ NCNC ní wọ́n jí àga àwọn ni. Àwọn ọmọ Action Group ní kò sí ẹni tó sọdá kankan: ẹgbẹ́ ìlú làwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyẹn, wọn kì í ṣe ti NCNC, ẹgbẹ́ méjèèjì ló sì ń ka àwọn èèyàn kan náà mọ́ ara wọn kí Ilé tó ṣí. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì, mi ò sì rò pé òpùrọ́ ni ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dìbò. Ará àdúgbò kò dìbò tààrà fún aṣòfin. Wọ́n yan aṣojú, àwọn aṣojú náà ló wá yan aṣòfin. Ọ̀pọ̀ ló wọlé nítorí orúkọ ara wọn àti ti ìlú wọn ju ti ẹgbẹ́ lọ. Ẹni tí a kò fi ẹgbẹ́ yàn, báwo la ṣe fẹ́ sọ pé ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀?

Àwọn ará Ìbàdàn ló wá fi ìbò sọ tiwọn. Ní 1954, Adélabú àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mábọ̀lájẹ́ gba ìgbìmọ̀ ìlú, òun fúnra rẹ̀ sì di alága rẹ̀. Ọdún náà kò tíì parí tó fi wọ ilé aṣòfin àpapọ̀, ó sì di mínísítà níbẹ̀. Jàm̀bá ọkọ̀ ló pa á ní ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà 1958. Ìkan ṣoṣo tó dúró nínú mẹ́fà ni ìlú náà gbé lé orí, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà òde òní ti wá kọ ọ́ sínú òfin. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò pàdánù àga rẹ̀, àfi tí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ọ̀gbẹ́ni Abegunde láti Àkúrẹ́ wọlé lábẹ́ Labour Party, ó bọ́ sí ACN, ó ní ẹgbẹ́ òun ti pín ní ìpínlẹ̀ òun. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ní 2015 pé ìpínyà ìpínlẹ̀ kan kò tó, kó gbé àga sílẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 2007, ilé ẹjọ́ kan náà ti yọ gómìnà Rivers kúrò, ó fi Rotimi Amaechi síbẹ̀, ẹni tí kò jáde du ipò náà lọ́jọ́ ìbò rárá. Ìdí ni pé ẹgbẹ́ ni ará ìlú dìbò fún, Amaechi sì ni ẹgbẹ́ yàn. Lórí ìwé ìdìbò wọn, àmì ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Òfin àti ìwé ìdìbò ń sọ ohun kan náà. (Àwọn gómìnà ni òfin náà kò mú: ní 2025, ti Delta àti ti Akwa Ibom bọ́ láti PDP sí APC, wọn kò sì kúrò lórí àga.)

Kánádà ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Òfin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Èbìbí 2005, Belinda Stronach kúrò nínú ẹgbẹ́ Conservative, ó bọ́ sọ́dọ̀ Liberal tó ń ṣèjọba, wọ́n sì sọ ọ́ di mínísítà lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ ìnáwó ìjọba: 152 sí 152. Ìbò olórí Ilé ló gba ìjọba là. Àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará agbègbè rẹ̀ tún dìbò fún un. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ìdìbò wọn, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ó wá ku àwa. Òfin ìpìlẹ̀ tí a ṣe ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ 1990 sọ ní abala 80 pé aṣojú gbogbo orílẹ̀-èdè ni aṣòfin kọ̀ọ̀kan, àti pé kò sí ẹni tó lè fi àṣẹ dè é. Mo rò pé mo mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti 1975, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, PRPB, aṣòfin kò sì lè sọ ohun tí ẹgbẹ́ kò bá fẹ́. Ìdè yẹn ni wọ́n fẹ́ já. Wọ́n sì já a lóòótọ́. Ní 1975 kan náà, wọ́n dájọ́ ikú fún Adrien Houngbédji lábẹ́ Kérékou, ó sá lọ. Ní 1996, òun ló ṣe àtìlẹ́yìn fún Kérékou kan náà lórí Soglo, ó di olórí àwọn mínísítà rẹ̀, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ ní 1998. Bóyá ìlàjà nìyẹn, bóyá òwò ni. Àwọn àgbà Àjàṣẹ́ ṣì ń jiyàn lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ìdìbò tiwa. Àwa ará Bantè, Savalou àti Ìdáàṣà jọ wà ní ẹkùn ìdìbò kẹsàn-án. Bí a bá lọ yan aṣòfin, àmì ẹgbẹ́ la ń tẹ̀ka sí, ẹgbẹ́ ló to orúkọ sábẹ́ rẹ̀. A dìbò bíi ti Nàìjíríà, òfin 1990 sì dá aṣòfin sílẹ̀ bíi ti Kánádà. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àárín méjèèjì yẹn ni ìbò wa jábọ́ sí.

Ó sì lè wúwo. Ní 2025, ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí aṣòfin tàbí mẹ́ẹ̀rì 28. Aṣòfin 28 gééré ni ẹgbẹ́ Les Démocrates ní. Ẹnì kan fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ku 27, wọn kò sì gba orúkọ olùdíje wọn wọlé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni lábẹ́ abala 80. Àwọn tó tẹ̀ka sí àmì ẹgbẹ́ náà ní 2023 ńkọ́, ẹ̀tọ́ tiwọn dà?

Mo gbé gbogbo èyí padà sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin mi yẹn gbọ́ ọ tán, ó ní: "Bí màlúù bá jẹ oko bàbá mi, darandaran ló ń sanwó. Ta ló máa san tiwa?" Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé òfin sí abala 80. Ìwé méjì péré ló wà fún gbogbo kíláàsì, a pín ara wa sí ọ̀nà méjì, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà.