Òfin Iṣẹ́ àti Ìdánilójú Òṣìṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Port Harcourt

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní Port Harcourt, níbi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, mo rí àgbà tó ṣubú, èmi náà sì bá wọn wo ẹ̀yìn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n fún wọn ní ìwé pélébé kan pé iṣẹ́ ti parí, kí wọ́n gba owó ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì dá káàdì ẹnu ọ̀nà padà. Kò sí ẹ̀sùn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ ìdí. Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, èsì tí wọ́n gbà ni pé agbáṣẹ́ṣe ló gbà wọ́n síṣẹ́, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n bi mí pé: "Ìwọ tí o ń kàwé, ṣé kò sí òfin fún irú èyí ni?"

Òfin wà. Ó ti pẹ́ tó ti wà, ó sì ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìtàn fi yé wa pé kì í ṣe gbogbo ìyípadà òfin ló ń fi ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ múlẹ̀. Ohun tó ń dì í mú ni irú ìwé tó buwọ́ lù, ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ilé-ẹjọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí òfin bá ti fọwọ́ kan ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, iṣẹ́ yóò mì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ìlú náà. Ní 1909 ni àwọn òyìnbó rí èédú ní agbègbè Enugu. Wọ́n ń wá èbúté tí wọn yóò gbà kó o lọ, èyí ló sì mú wọn tẹ Port Harcourt dó ní nǹkan bí 1913, lórí ilẹ̀ àwọn Ikwerre àti Okrika. Nígbà tó di 1916, ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èédú dé etí omi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lébìrà tó la ọ̀nà irin náà ni kò fínnú fíndọ̀ wá. Àwọn olóyè ni ìjọba pàṣẹ fún pé kí wọ́n kó wọn wá. Òfin ọ̀gá àti ìránṣẹ́ tó wà láyé ọjọ́un sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí lébìrà sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí àdéhùn rẹ̀ tó pé. Ó lè fi ẹ̀wọ̀n jura. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí: nígbà náà, ọ̀gá ló ń bẹ̀rù kí òṣìṣẹ́ má baà lọ; lónìí, òṣìṣẹ́ ló ń bẹ̀rù kí ọ̀gá má baà lé òun.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní 1938, ìjọba amúnisìn ṣe òfin tó fàyè gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ènìyàn márùn-ún péré sì tó láti dá ọ̀kan sílẹ̀. Ní 1945, Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára àwọn tó ṣíwájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Òṣìṣẹ́ tó ju 30,000 lọ ló kópa níbẹ̀, ó sì ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó padà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Àwọn awakùsà Enugu ń bá àwọn aláṣẹ jà lórí owó, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Àwọn aláṣẹ lé àwọn kan nínú wọn. Àwọn yòókù kọ̀ láti jáde nínú ihò kùsà. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn ní Iva Valley, awakùsà 21 sì kú. Kò pẹ́ tí rògbòdìyàn náà fi dé Port Harcourt, níbi tí èédú wọn ń gbà lọ sókè òkun. Lílé tí wọ́n lé àwọn kan lẹ́nu iṣẹ́ wà lára ohun tó dá iná yìí sílẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, lábẹ́ ìjọba ológun, Òfin Iṣẹ́ ti 1974 jáde, òun náà ni a ṣì ń lò. Ó ní agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta. Bí wọn yóò bá túká, ìfilọ̀ gbọ́dọ̀ wà: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, kí agbanisíṣẹ́ fi tó ẹgbẹ́ wọn létí, kí ẹni tó wọlé kẹ́yìn sì kọ́kọ́ jáde. Ààbò nìyí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òfin yìí kò ní kí agbanisíṣẹ́ sọ ìdí tó fi lé ènìyàn. Ẹni tó lo ọdún 5 àti ẹni tó lo ọdún 25, oṣù kan náà ni ìfilọ̀ wọn. A sì lè fi owó dípò rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rò pé tiwọn yàtọ̀. Ní 1975, ìjọba Murtala Mohammed lé òṣìṣẹ́ tó ju 10,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìrojọ́ tẹnu wọn. Ní 1984, Òfin Ológun Kẹtàdínlógún pa ilé-ẹjọ́ lẹ́nu mọ́: ẹni tí wọ́n bá lé lábẹ́ rẹ̀ kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́. Síbẹ̀, ní 1985, nínú ẹjọ́ Olaniyan àti Yunifásítì Èkó, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé iṣẹ́ tí òfin fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ nìkan ni a lè gbà mú ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìlọrin tí wọ́n lé ní 2001 rí gbà ní 2009. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi dúró, ṣùgbọ́n wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní Port Harcourt, epo ti gba ipò èédú. Láti 1958 ni epo rọ̀bì ti ń ti ibẹ̀ lọ sókè òkun. Ní 1965, ilé ìfọpo Alesa-Eleme bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo, NUPENG, di àgbà láàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní oṣù Keje, 1994, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìdìbò tí wọ́n fagi lé ní 1993. Ní oṣù Kẹjọ, ìjọba Abacha tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ wọn ká, wọ́n sì ti Frank Kokori, akọ̀wé àgbà wọn, mọ́lé títí di 1998. Lẹ́yìn náà ni òfin 2005 sọ pé kò sí tipátipá nínú wíwọ ẹgbẹ́. Òmìnira ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì tí wọ́n ń sọ àdéhùn rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún, ìgboyà wo ni yóò fi wọ ẹgbẹ́? Ní 2011, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbé ìlànà jáde lórí gbígba òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì nínú iṣẹ́ epo. Ìlànà ni, kì í ṣe òfin.

Mo ní kí àbúrò bàbá mi kó ìwé wọn jáde. Ìwé mọ́kànlá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù méjìlá, orúkọ agbáṣẹ́ṣe mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà lórí wọn. Ìgbà náà ni ọ̀ràn owó ọ̀sẹ̀ kan yẹn yé mi. Lórí ìwé, ọdún mọ́kànlá wọn kò ju ọdún kan lọ rí. Kò sí ẹni tó yí òfin padà láti fi ṣe èyí. Ìwé ni wọ́n yí padà.

Ìrètí kò pin. Àtúnṣe Kẹta sí ìwé òfin Nàìjíríà, tó wáyé ní 2010, fún Ilé-ẹjọ́ Ọ̀ràn Òṣìṣẹ́ lágbára láti wo ìlànà tó dára jù lágbàáyé, àwọn adájọ́ kan níbẹ̀ sì ti ń sọ pé lílé ènìyàn láìsọ ìdí kò bójú mu mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀nà tí òfin 1974 gbà túmọ̀ "òṣìṣẹ́" yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso àti iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí lè má rí ìwọ̀nba ààbò yẹn pàápàá, àfi èyí tó bá wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé aládàáni, níbi tí a ti lè gbani síṣẹ́ lẹ́nu lásán. Igi gọ́ńgọ́ má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ bèèrè ìwé kí ẹ tó wọ kíláàsì. Ẹ ka gbólóhùn tó sọ nípa ìfilọ̀ kí ẹ tó ka èyí tó sọ nípa owó oṣù. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti wọ ẹgbẹ́. Èyí ni èsì tí mo fún àbúrò bàbá mi, pé òfin wà, ṣùgbọ́n inú ìwé ni a ti ń wá a. Wọ́n mi orí, wọ́n sì kó ìwé mọ́kànlá náà padà sínú àpò.