Awuyewuye lórí Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà àti Ètò Owó Náírà

Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí CBN, ni ilé iṣẹ́ tó ń gbé náírà jáde, tó ń pinnu bí èlé orí owó yíyá yóò ṣe ga tó, tó ń tọ́jú dọ́là tí orílẹ̀-èdè ní nípamọ́, tó sì ń ṣọ́ àwọn báńkì yòókù kí wọ́n má baà gbé owó olówó mì. Òfin ọdún 1958 ló dá a sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1959, nígbà tí òmìnira ku ọdún kan ó lé díẹ̀. Kò sí gómìnà báńkì náà kan láti ogójì ọdún sẹ́yìn tí aráàlú kò bá fa ọ̀rọ̀, ìbéèrè tó sì wà nídìí gbogbo fà-á-ká-já-a náà kò yí padà: ta ni gómìnà yìí ń jíhìn fún? Ṣé Ààrẹ tó yàn án ni, àbí òfin, àbí ìyá aláta tó so gbogbo owó tó ní mọ́ ìdí ìró?

Àga tó ń jó ni nídìí

Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Roy Fenton, ló kọ́kọ́ jẹ gómìnà báńkì náà. Aliyu Mai-Bornu gba ipò náà lọ́dún 1963, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Clement Isong ló tẹ̀ lé e. Àwòrán àwọn méjèèjì ló wà lára ₦1,000 tí à ń ná. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà gba ipò pọ́n-ùn. Náírà méjì ni pọ́n-ùn kan nígbà náà, ìyẹn ni pé ṣílè mẹ́wàá ló ń jẹ́ náírà kan, ó sì pẹ́ kí àwọn àgbà ilé wa tó yé fi ṣílè ka owó.

Ọdún 1984 ni orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí náírà di bébà lọ́wọ́ ẹni. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari yí àwọ̀ owó padà, wọ́n ti ẹnubodè pa kí owó tó ti jáde má baà rí ọ̀nà padà wọlé, wọ́n sì fún aráàlú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó èyí tó wà lọ́wọ́ wọn lọ sí báńkì. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí Buhari kan náà ni a óò tún bá níwájú.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, Charles Soludo, gómìnà báńkì náà nígbà náà, kéde pé òun fẹ́ gé òdo méjì kúrò lára náírà, kí ₦100 di ₦1. Kò tó oṣù kan tí ìjọba Ààrẹ Yar'Adua fi dá a dúró. Wọn ò bá a jiyàn lórí ìṣirò náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin ní kó gba àṣẹ Ààrẹ kó tó fọwọ́ kan owó, kò sì gbà á. Sanusi Lamido Sanusi tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ tẹ ₦5,000 jáde lọ́dún 2012, pẹ̀lú àwòrán obìnrin mẹ́ta: Margaret Ekpo, Gambo Sawaba, àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta. Ariwo ta. Àwọn kan ní yóò jẹ́ kí ọjà wọ́n, àwọn mìíràn ní olè ni yóò rọ̀ lọ́rùn. Ààrẹ Goodluck Jonathan ní kó gbé e tì. Ó dùn wá pé títí di òní, kò sí àwòrán ìyá Abẹ́òkúta yẹn lára owó kankan ní Nàìjíríà.

Ìjà tó le jù tí Sanusi jà kì í ṣe ti ₦5,000. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, ó kọ̀wé sí Ààrẹ pé bílíọ̀nù 49.8 dọ́là nínú owó epo rọ̀bì kò dé àpò ìjọba. Ó dín iye náà kù sí bílíọ̀nù 20 nígbà tó yá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2014, nígbà tó wà ní ìpàdé ní Niamey, Ààrẹ ní kó lọ rọ́kún nílé. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òfin ti wọlé. Òfin CBN ti ọdún 2007 sọ pé Ààrẹ kò lè yọ gómìnà báńkì náà nípò àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àgbà bá fọwọ́ sí i. Àmọ́ òfin náà kò dárúkọ rírọ́kún nílé. Ojú ihò yẹn ni Jonathan gbà kọjá, òun náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbà kọjá ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tó ní kí Godwin Emefiele, gómìnà báńkì náà nígbà náà, lọ rọ́kún nílé. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì, ọ̀nà kan.

Owó tuntun, oṣù mẹ́ta ìyà

Àtọdún 2014 ni Emefiele ti wà lórí àga náà. Ọdún márùn-ún ni sáà kan. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tó gba sáà kejì láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà lọ́dún 1999. Àmọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, nígbà tó ṣì ń buwọ́ lu owó orílẹ̀-èdè, orúkọ rẹ̀ jáde láàárín àwọn tó fẹ́ du ipò Ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ APC. Ó tilẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n má ṣe ní kí òun kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí òun tó díje. Gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Rótìmí Akérédolú, ò fẹ̀sọ̀ sọ ọ́: ó ní kó fi ipò sílẹ̀ kíá. Kò fi í sílẹ̀. Lójú tiwa, ọjọ́ yẹn ni aráàlú ti yé gbà pé ire ọjà nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀, gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni wọ́n sì ń fi ojú òṣèlú wò.

Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, ó kéde pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ó ní nínú tírílíọ̀nù 3.23 náírà tó wà nílẹ̀, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí ní báńkì kankan. Ó ní ayédèrú ti pọ̀, àwọn ajínigbé sì ń fi owó ṣe òwò. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, Zainab Ahmed, mínísítà ètò ìnáwó, dúró níwájú àwọn aṣòfin àgbà, ó ní ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ òun. Buhari, tó ti di Ààrẹ alágbádá, ní òun mọ̀ sí i, òun fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú owó náà ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwòrán kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni. Àwọ̀ ló yàtọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ti owó àtijọ́ bọ ìkòkò aró. Ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ló jáde sí báńkì, wọ́n sì ní èyí àtijọ́ kò ní ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Ọjọ́ 47 nìyẹn, Kérésìmesì àti Ọdún Tuntun sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ₦500,000.

Aráàlú gbọ́ràn. Wọ́n kó owó lọ sí báńkì. Buhari fúnra rẹ̀ sọ nínú ọ̀rọ̀ tó bá orílẹ̀-èdè sọ ní oṣù Kejì pé tírílíọ̀nù 2.1 náírà ló ti wọlé padà. Èyí tó yẹ kó jáde dípò rẹ̀ ni kò jáde. Ẹni tó bá tò sídìí ẹ̀rọ ATM láti ìdájí lè tò ó di ọ̀sán kó má rí ju ₦5,000 lọ, bí owó kò bá tán kó tó kàn án. Àwọn oní-POS bẹ̀rẹ̀ sí í ta owó bí ẹní ta ẹ̀wà: ẹni tó bá fẹ́ ₦10,000 á san ₦2,000, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. ₦100 tí àwòrán Awólọ́wọ̀ wà lára rẹ̀, tí wọn kò fọwọ́ kàn, wá di ọ̀wọ́n.

Àwọn ọlọ́jà ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́ kì í dúró de báńkì. Oníbàárà á na fóònù sí ìyá aláta, á ní, "Màmá, mo ti fi ránṣẹ́." Ìyá á wo fóònù tirẹ̀, á ní, "Ọmọ mi, álẹ́ẹ̀tì ò tíì wọlé o." Wọ́n á jọ dúró nínú oòrùn. Nígbà mìíràn owó ti kúrò níbì kan kò dé ibì kejì. Oníbàárà á bínú lọ láìmú ata, owó rẹ̀ á há sójú ọ̀nà fún ọjọ́ mélòó kan, apẹ̀rẹ̀ tòmátì á máa yọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Àwọn ọlọ́jà mìíràn gba owó àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀ wọ́n, onímọ́tò kò sì gbà á lọ́wọ́ wọn láti fi padà sílé.

Nígbà tí ìlú kò gbà á mọ́ra mọ́, ìfẹ̀hónúhàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Wọ́n ba báńkì jẹ́ l'Abẹ́òkúta. Ìlú yìí kan náà ni Tinúbú, tó ń du ipò Ààrẹ nígbà náà, ti fi èdè Yorùbá sọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní pé àwọn kan ló fi ọ̀wọ́n epo àti owó tuntun dẹ pańpẹ́ kí ìdìbò lè dàrú. Àwọn tó gbè sẹ́yìn Emefiele ní ìdàkejì rẹ̀ ló rí: owó tí àwọn olóṣèlú kó pamọ́ láti fi ra ìbò ló fẹ́ pa. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àwọn yìí náà kò ṣófo.

Ìpínlẹ̀ Kàdúná, Kogí àti Zamfara gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì, ilé ẹjọ́ ní kí owó àtijọ́ ṣì máa ná. Ní ọjọ́ 16, Buhari ní ₦200 àtijọ́ nìkan ni yóò ná, títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ kejì ni Mile 12 l'Ékòó gbaná. Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta: Adájọ́ Emmanuel Agim kà á pé ìjọba kò fún aráàlú ní àkókò tó bójú mu, kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ìpínlẹ̀, ó sì ṣàìgbọràn sí àṣẹ ilé ẹjọ́. Owó àtijọ́ yóò ná di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni CBN tún fi dákẹ́ kó tó sọ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n tẹ̀ lé e.

Èyí ni èrò wa: kò sí ohun tó burú nínú kí orílẹ̀-èdè pààrọ̀ owó rẹ̀. Òfin fàyè gbà á. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ ènìyàn láì ní òmíràn láti fún un, wọ́n sì ń pe ẹni tó ń jìyà ní aláìnísùúrù. Àjọ tó ń ka ọrọ̀ orílẹ̀-èdè, NBS, sọ pé ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé já láti ìdá 3.52 nínú ọgọ́rùn-ún sí 2.31 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà, ó sì dárúkọ ọ̀wọ́n owó pé òun ló fà á.

Dọ́là

Ìjà orí dọ́là ti pẹ́ ju ti owó tuntun lọ. Lábẹ́ Emefiele, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kò jẹ́ ọ̀kan. Lọ́dún 2016, alálàájì ń rí i gbà ní ₦197 nígbà tí àwọn mìíràn ń rà á jù ₦300 lọ ní báńkì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó ọjà 41 kan wọlé, ìrẹsì, símẹ́ńtì, epo pupa, títí dé igi ìtayín, lọ wá dọ́là rẹ̀ níbòmíràn. Ibòmíràn náà ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là létí títì. Nígbà tí Emefiele fi máa lọ, nǹkan bí ₦470 ni dọ́là ní báńkì, ó ti ju ₦700 lọ níta. Ẹni tó bá mọ ènìyàn ní báńkì á gbà á ní pọ́ọ́kú, á tà á lọ́wọ̀n-ọ́n, kò sì ṣiṣẹ́ kankan. Ìwà yìí bí aráàlú nínú ju bí náírà ṣe ń já lọ.

Ti ìjọba tó ń yá owó lọ́dọ̀ CBN tún wà níbẹ̀. Òfin tó wà nígbà náà ní kò gbọ́dọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú, kí wọ́n sì san án padà kí ọdún tó parí. Nígbà tí Buhari fi máa lọ, gbèsè náà ti di tírílíọ̀nù 22.7 náírà. Gómìnà tó yẹ kó sọ pé "kò ṣeé ṣe" kò sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, lẹ́yìn tí Emefiele ti lọ, báńkì náà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500.

Láti ìgbà Cardoso

Olayemi Cardoso gorí àga ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti àwọn Àgùdà Èkó, àwọn tó ti Bràsílì padà wálé. Kọmíṣọ́nnà ni l'Ékòó nígbà tí Tinúbú jẹ gómìnà níbẹ̀, ohun tí àwọn alátakò sì kọ́kọ́ mú sọ nìyẹn. Nígbà tó ní kí àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ kan ṣí kúrò l'Ábùjá lọ sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn àgbààgbà Àríwá ní ẹ̀tàn ni. Ó dá dọ́là padà fún àwọn ọjà tí wọ́n tì síta, ó sì gbé èlé sókè láti 18.75 sí 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún 2024 nìkan. Àwọn oníléeṣẹ́ ní èlé yẹn ń pa àwọn. Òun ní ọ̀wọ́n ọjà, tó dé 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ló ń pa gbogbo wa.

Ní ti Emefiele, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ lórí onírúurú ẹ̀sùn, títí kan owó tuntun tó tẹ̀ jáde. Ó ní òun kò jẹ̀bi.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, kí gbèdéke ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá tó pé, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó àtijọ́ àti tuntun máa ná pọ̀ lọ. Ẹ yọ ₦1,000 kan jáde nínú àpò yín kí ẹ wò ó: àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èyí àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ní kò ní ná mọ́.