Ìlò owó kírípítò fún ìnáwó ojoojúmọ́ àti fún ìdókòwò

Owó kírípítò ni owó orí ẹ̀rọ tí kò ní bébà tàbí kọ́ìnì, tí ó sì jẹ́ pé kì í ṣe báńkì tàbí ìjọba ni ó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so mọ́ ara wọn káàkiri àgbáyé. Bitcoin, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ni àkọ́kọ́ nínú wọn, òun náà sì ni ó tóbi jù lọ. Láti ìgbà tí ó ti dé ni àríyànjiyàn ti wà lórí ohun tí ó yẹ kí a máa fi í ṣe: ṣé owó tí a ó máa ná lọ́jà ni, àbí ohun tí a ó rà pamọ́ fún ọdún pípẹ́, bí ẹni ra ilẹ̀ tàbí wúrà? Ohun tí ojú ti rí láti ìgbà náà fi hàn pé Bitcoin dára gẹ́gẹ́ bí ohun ìpamọ́ ju bí ó ti dára gẹ́gẹ́ bí owó ọjà lọ, àti pé ohun kan náà ni ó fa méjèèjì. Iṣẹ́ owó ọjà ti bọ́ sí ọwọ́ irú owó kírípítò mìíràn, pàápàá ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà tí owó wọn ń sọ agbára nù.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni ẹnì kan, tàbí àwùjọ kan, tí ó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé olójú ewé mẹ́sàn-án kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkọlé ìwé náà pe Bitcoin ní owó ìnáwó orí ẹ̀rọ tí ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó ń wá ojútùú sí ni bí ènìyàn méjì ṣe lè sanwó fún ara wọn láìsí báńkì láàárín, kí ó má sì ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni láti ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdókòwò kọ́ ni ìwé náà dá lé.

Ọjà àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n fi Bitcoin rà ni písà méjì. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2010, Laszlo Hanyecz, ará ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, fi 10,000 Bitcoin sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá a ra písà náà. Ní ọjọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 41 dọ́là lọ. Nígbà tí iye Bitcoin kan kọjá 100,000 dọ́là ní oṣù kejìlá ọdún 2024, iye Bitcoin yẹn kan náà ti di bílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn ènìyàn máa ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Hanyecz kò ṣe ohun tí ó burú. Ohun tí Nakamoto ní kí wọ́n fi owó náà ṣe gan-an ni ó fi í ṣe. Àwọn tí ó gbọ́ ìtàn rẹ̀ ni ó kọ́ pé kí àwọn má ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó ẹyọ àti Bitcoin

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé máa ń sọ pé iṣẹ́ mẹ́ta ni owó ń ṣe: a ń fi í ra ọjà, a ń fi í ṣírò iye ọjà, a sì ń pa ọrọ̀ mọ́ sínú rẹ̀. Ohun kan lè ṣe ọ̀kan dáadáa kí ó kùnà nínú èkejì. Owó ẹyọ tí àwọn Yorùbá ná fún ìgbà pípẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yanjú. Ẹyọ kò tóbi, kì í jẹrà, ó ṣòro láti ṣe ayédèrú rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ sì tó ra ẹ̀kọ tàbí àkàrà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. 2,000 ni ẹgbàá, 20,000 sì ni ọ̀kẹ́ kan. Owó ọjà ni ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n láti àárín ọ̀rúndún 19 ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ará Jámánì pàápàá, ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹyọ ńláńlá láti Zanzibar wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní àfikún sí èyí tí ó ti ń wá láti erékùṣù Maldives tẹ́lẹ̀. Ẹyọ pọ̀ kọjá ààlà, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ẹni tí ó ti kó ọ̀kẹ́ lórí ọ̀kẹ́ sínú yàrá kò pàdánù ẹyọ kan ṣoṣo, síbẹ̀ ọrọ̀ rẹ̀ ti lọ.

Ìdàkejì èyí ni Bitcoin. Ìlànà rẹ̀ ni pé kò ní ju mílíọ̀nù 21 lọ láéláé. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ń ṣe iṣẹ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀ máa ń gba Bitcoin tuntun gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni owó iṣẹ́ yìí ń dín kù sí ìdajì: 50 ni ní ìbẹ̀rẹ̀, ó di 25 ní ọdún 2012, 12.5 ní 2016, 6.25 ní 2020, àti 3.125 ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò sí ọkọ̀ tí yóò kó òmíràn dé láti Zanzibar.

Ìwọ̀n yìí ni ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ pa á mọ́, òun náà ni kò sì jẹ́ kí wọ́n ná an. Ẹni tí ó gbà pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun yóò wọ́n jù báyìí lọ lọ́la kì yóò fi í ra búrẹ́dì lónìí. Owó tí ń rẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ ná. Ìwà yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Òfin Gresham ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ohun tí ó mú ìnáwó ṣòro

Ìdíwọ́ àkọ́kọ́ ni àìdúró-sójú-kan iye Bitcoin. Ní ìparí ọdún 2017 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 dọ́là. Nígbà tí ó fi máa di ìparí 2018, ó ti wà ní nǹkan bí 3,200. Ó gòkè dé nǹkan bí 69,000 ní oṣù kọkànlá 2021, ó sì já sí ìsàlẹ̀ 16,000 láàárín ọdún kan. Oníṣòwò ìrẹsì tí èrè rẹ̀ lórí àpò kan kò ju náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ kò lè gba owó tí ó lè fi mẹ́wàá dín nínú ọgọ́rùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ilé ìtajà tí ó ń gba Bitcoin pàápàá kì í fi Bitcoin dá iye lé ọjà wọn. Dọ́là, yúrò tàbí náírà ni wọ́n ń kọ sí i, wọn a sì ṣírò Bitcoin nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ sanwó.

Ìdíwọ́ kejì wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó máa ń gbà kí ojú ìwé tuntun kan tó wọ inú àkọsílẹ̀, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò sì lè gba ju nǹkan bí ìsanwó méje ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí èrò bá pọ̀, ẹni tí ó bá fi owó púpọ̀ lé e ni a ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Ní oṣù kejìlá 2017, owó ìfiránṣẹ́ gòkè débi pé Steam, ilé ìtajà eré orí kọ̀ǹpútà, kéde pé òun kò gba Bitcoin mọ́. Láti 2018 ni ètò kan tí ń jẹ́ Lightning ti ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn san owó kékeré fún ara wọn ní kíá lẹ́yìn àkọsílẹ̀ ńlá náà, kí wọ́n tó wá kọ àpapọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ó sì dín owó ìfiránṣẹ́ kù gan-an. Àmọ́ kò lè mú iye Bitcoin dúró sójú kan.

Ọ̀rọ̀ owó orí tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 2014 ni àwọn agbowó-orí Amẹ́ríkà ti ka owó kírípítò sí ohun ìní, kì í ṣe owó. Nítorí náà, ẹni tí ó fi Bitcoin ra ife kọfí kan ti ta ohun ìní, ó sì gbọ́dọ̀ ṣírò èrè tí ó jẹ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti rà á.

Ìrírí El Salvador

Orílẹ̀-èdè tí ó dán ọ̀rọ̀ yìí wò jù lọ ni El Salvador ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, tí ó ti ń ná dọ́là Amẹ́ríkà láti ọdún 2001. Lábẹ́ ààrẹ Nayib Bukele, Bitcoin di owó tí òfin fọwọ́ sí níbẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2021. Òfin náà ní kí àwọn oníṣòwò máa gbà á. Ìjọba ṣe áàpù kan tí ń jẹ́ Chivo, ó sì fi Bitcoin tí ó tó 30 dọ́là ta ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbà á sórí fóònù lọ́rẹ.

Èrò ìjọba kò ṣàìmọ́gbọ́n wá. Owó tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń fi ránṣẹ́ sílé ń kó ipa ńlá nínú ọrọ̀-ajé ibẹ̀, bí ó bá sì ṣeé ṣe láti fi í ránṣẹ́ láìsan owó fún alágbàfiránṣẹ́, ìdílé tálákà ni yóò jàǹfààní. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí fọ̀rọ̀ wá ilé 1,800 lẹ́nu wò ní ọdún 2022, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó gba Chivo ná 30 dọ́là ọ̀fẹ́ náà, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Nínú owó tí ń wọlé láti òkèèrè, èyí tí ó gba ọ̀nà kírípítò kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ènìyàn ní dọ́là lọ́wọ́. Kí ni wọn yóò fi owó tí ń fò sókè sódò ṣe? Ìjọba fúnra rẹ̀ ń ra Bitcoin pamọ́ ní gbogbo àkókò yìí, èyí tí ó fi hàn pé òun náà mọ ohun tí ó yẹ kí a fi í ṣe. Ní oṣù kejìlá 2024, El Salvador fẹnu kò pẹ̀lú Àjọ Owó Àgbáyé lórí ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 1.4 dọ́là, nígbà tí ó sì di oṣù kìíní 2025, wọ́n yí òfin náà padà kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ dandan láti gba Bitcoin.

Bí ohun ìdókòwò

Ọ̀rọ̀ "ọjọ́ pípẹ́" ṣe pàtàkì níhìn-ín. Ẹni tí ó ra Bitcoin ní ìparí 2017 tí ó sì nílò owó ilé ìwé ọmọ ní ìparí 2018 pàdánù ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó rà á ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tí kò sì fọwọ́ kàn án títí di ìparí 2020, ti rí owó rẹ̀ gbà padà pẹ̀lú èrè. Ìmọ̀ kọ́ ni ìyàtọ̀ àárín wọn. Ọ̀kan lè dúró, èkejì kò lè dúró. Bitcoin kì í san èlé, kì í mú owó ilé wá bí ilé tí a fi háyà, kò sì ní èrè ọdọọdún bí ìpín nínú ilé iṣẹ́. Ohun tí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn bá fẹ́ san ni gbogbo èrè rẹ̀.

Ewu mìíràn ni ọwọ́ tí a fi í sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tọ́jú Bitcoin wọn fúnra wọn. Wọ́n ń fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìtajà kírípítò, bí ẹni fi owó sọ́wọ́ alájọ. Alájọ tí ó bá sá lọ kì í fa orúkọ àjọ ya, owó ni ó ń kó lọ. Mt. Gox ní Japan wó ní oṣù kejì 2014, nǹkan bí 850,000 Bitcoin ni wọ́n sì kọ́kọ́ kéde pé ó ti sọnù. FTX wó ní oṣù kọkànlá 2022, wọ́n sì dá Sam Bankman-Fried tí ó dá a sílẹ̀ lẹ́bi jìbìtì ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Bitcoin fúnra rẹ̀ kò yẹ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tu ẹni tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀ nínú. Ní oṣù kìíní 2024, àjọ tí ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà fàyè gba àwọn àpapọ̀ owó ìdókòwò tí ń ra Bitcoin pamọ́ fún àwọn oníbàárà wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń rà á bí wọ́n ti ń ra ìpín, láìní in lọ́kàn rárá láti ná an.

Nàìjíríà àti stablecoin

Ní Nàìjíríà, ìbéèrè náà gba ojú ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kejì 2021, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n ti àkáùntì ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣòwò kírípítò pa. Òwò náà kò dúró. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ara wọn tààrà, ẹnì kan a fi náírà ránṣẹ́, èkejì a fi kírípítò ránṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò jìnnà. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá. Nǹkan bí náírà 460 ni wọ́n ń fi gba dọ́là kan ní báńkì kí ìjọba tó tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Ó ti lé ní 1,500 ní oṣù kejì 2024.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wá ń lò kì í ṣe Bitcoin bí kò ṣe stablecoin, ìyẹn owó kírípítò tí a so iye rẹ̀ mọ́ dọ́là. Tether, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ni ó tóbi jù lọ. Ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ dọ́là kan, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ san owó ọjà fún oníṣòwò ní Ṣáínà lè fi í san án, ẹni tí ó sì fẹ́ kí owó oṣù rẹ̀ má ṣe yọ́ lè fi í pamọ́ títí di ìparí oṣù. Ìnáwó àti ìpamọ́ pàdé nínú ohun kan ṣoṣo. Èrè kò sí nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba pé kí a gbẹ́kẹ̀ lé ilé iṣẹ́ tí ó sọ pé dọ́là wà ní ìpamọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2021, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 41 dọ́là lé Tether nítorí ọ̀rọ̀ tí kò pé tí ó sọ nípa ìpamọ́ yìí. Ní oṣù karùn-ún 2022, TerraUSD, tí kò ní dọ́là kankan lẹ́yìn rẹ̀, wó láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Báńkì Àpapọ̀ gbé eNaira tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 2021, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Náírà ṣì ni, ohun tí ó sì ń ṣe náírà ń ṣe é. Báńkì náà mú òfin 2021 kúrò ní oṣù kejìlá 2023. Òfin ìdókòwò tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2025 wá fi owó kírípítò sí abẹ́ àjọ tí ń ṣàkóso ọjà ìpín, kò sì sọ ọ́ di owó ná-án-ná ilẹ̀ Nàìjíríà.