Ta Ni Ó Ni Àlọ́? Ọ̀rọ̀ Nípa Fágúnwà àti Tutùọlá

 

Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwọn ìwé kan wà tí iwin, ẹbọra àti ẹranko tí ń fọhùn kún inú wọn. Ẹni tí ó bá ń kà á lè wí pé: "Àlọ́ tí ìyá mi àgbà ń pa fún wa nìyí! Kí ni ẹni tí ó kọ ọ́ wá ṣe? Ṣé kì í ṣe pé ó jí i?" Ìbéèrè gidi ni. Wọ́n ti bi ọmọ Yorùbá kan ní irú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Ìwé Fágúnwà

A bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní Òkè-Igbó, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní 1903. Olùkọ́ ilé-ìwé ni. Ní 1936, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ kéde ìdíje fún ẹni tí ó bá lè kọ ìtàn. Fágúnwà kọ tirẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ní 1938 a tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ rẹ̀ ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀.

Ọdẹ kan wà nínú ìwé náà tí ń jẹ́ Àkàrà-Ògùn. Ó wọ igbó irúnmọlẹ̀. Ó bá Àgbákò pàdé, ẹ̀dá burúkú tí ó ní ojú 16, wọ́n sì wọ̀jà. Lẹ́yìn náà, ọba rán òun àti àwọn akọni mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó.

Níbo ni Fágúnwà ti rí ìtàn yìí? Àwọn ọdẹ ti ń sọ ìtàn iwin inú igbó kí a tó bí i. Àwọn àgbà ti ń pa àlọ́ nípa rẹ̀. Ó bù nínú rẹ̀. Ó sì bù láti òkèèrè pẹ̀lú. Ní 1678, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Bunyan, tẹ ìwé kan jáde nípa ọkùnrin tí ó fi ilé sílẹ̀, tí ó gbé ẹrù sí ẹ̀yìn, tí ó ń rin ìrìn àjò eléwu lọ sí ìlú ọ̀run. Àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá kí a tó bí Fágúnwà. Nínú ìwé Bunyan, orúkọ ènìyàn ni ó ń fi ìwà rẹ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fágúnwà sọ ọlọ́gbọ́n ní Ìmọ̀dóyè, tí ó sì sọ akọrin ní Olóhùn-iyọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí àlọ́ kan ṣoṣo tí ó rí bí ìwé Fágúnwà. Òun ni ó so ìtàn tí ó fọ́n káàkiri pọ̀ mọ́ ọdẹ kan. Òun ni ó fi ẹ̀fẹ̀, ìmọ̀ràn àti èdè dídùn sí i. Àwọn àgbà wí pé: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

2. Ìwé Tutùọlá

A bí Amos Tutùọlá ní Abẹ́òkúta ní 1920. Baba rẹ̀ ń dá oko kòkó. Nígbà tí baba kú ní 1939, owó ilé-ìwé tán. Tutùọlá kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Nígbà ogun ńlá kejì, ó ṣe alágbẹ̀dẹ bàbà fún àwọn ológun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun, ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Ibẹ̀ ni ó wà tí ó fi kọ ìtàn ọ̀mu kan tí adẹ́mu rẹ̀ jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, tí ó kú, tí ọ̀gá rẹ̀ sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, bí ó ti mọ̀ ọ́n sọ. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ní 1953, Raymond Queneau túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ sí ilé-ìwé lè bá a pàdé lábẹ́ orúkọ L'Ivrogne dans la brousse.

Àwọn òyìnbó yìn ín gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alákọ̀wé Nàìjíríà bínú. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún. Wọ́n ní àlọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó kọ. Wọ́n tún ní ó mú nínú ìwé Fágúnwà. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó fi ìwé méjèèjì wéra sì rí ibi tí wọ́n ti jọra lóòótọ́.

3. Ohun tí agbárí yá

Ẹ jẹ́ kí á mú àlọ́ kan nínú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ irú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan kọ gbogbo ọkọ. Ní ọjọ́ ọjà, ó rí arẹwà ọkùnrin kan, ó sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wọ igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà, ó sì ń san owó rẹ̀. Ó dá ẹsẹ̀ padà, ó dá apá padà, títí ó fi ku agbárí lásán.

Àlọ́ yìí fún wa ní òṣùwọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ìwé, ẹ gba ohun tí ó yá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ó kù? Bí ó bá jẹ́ agbárí lásán ni, kò ṣiṣẹ́ kankan.

Ẹ jẹ́ kí á wọn Tutùọlá. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin náà lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ òfúrufú ogun kò ní lè ju bọ́ǹbù sí ìlú tí ó bá wà. Ìyá àgbà kò mọ bọ́ǹbù. Tutùọlá tí ó bá àwọn ológun ṣiṣẹ́ ni ó mọ̀ ọ́n. Ní ibòmíràn, ọ̀mu àti aya rẹ̀ ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6. Wọ́n sì yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù wọn, kí ó máa san èlé lóṣooṣù. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1954, iwin obìnrin kan ní tẹlifísọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́. Kò sí àlọ́ àtijọ́ tí ó ní èyí. Tutùọlá yá nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó kù lẹ́yìn àyálò pọ̀.

Àlọ́ náà sì padà wálé: ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn ọ̀mu náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá.

4. Ohun tí ó kàn wá

Àlọ́ dà bí odò ìlú. Kò sí ẹni tí a lè ní kí ó má pọn níbẹ̀. Ìwé tí ènìyàn kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ dà bí oko rẹ̀. O lè tọrọ irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀, kí o gbìn ín sí oko tìrẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá kó iṣu rẹ̀, tí o ní ìwọ ni o gbìn ín, olè ni.

Ohun kan ṣì kù. Ní iwájú ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé ni a máa ń rí. Orúkọ àwọn àgbà tí ó pa àlọ́ kì í sí níbẹ̀. Fágúnwà kú ní 1963, Tutùọlá kú ní 1997. A ṣì ń dárúkọ wọn. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ti lọ láìlórúkọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ, bàbá arúgbó kan wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kí ó mú kálámù àti tákàdá, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ kálámù dì mú nísinsìnyí. Kí ẹ tó dúró de àgbà kí ó wá bá yín, ẹ lọ bá a. Ẹ kọ àlọ́ rẹ̀ bí ó ti pa á. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fẹ́ fi tiyín kún un, ẹ fi kún un.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn wo ni ó mọ àlọ́ jù ní ìletò yín? Ta ni ó ti kọ ọ̀kan sílẹ̀ nínú àlọ́ wọn?